Wáyà Tí Kì Í Gbóná

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí obìnrin yìí ṣe dẹni tí ń wé òòfà tó ga ju ilé lọ, àfi kó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí etí rẹ̀ ti jó dúdú, àpótí ìjókòó méjì, àti òkìtì mọ́tọ̀ tó ti kú: mọ́tọ̀ fáànù, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ tí ń fa omi, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ìlọta. Bàbá náà á tú wọn palẹ̀, á yọ wáyà tó ti jóná kúrò nínú wọn, á sì wé tuntun sí i, ìyípo kan tẹ̀ lé òmíràn, títí mọ́tọ̀ á fi jí. Bàbá Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn.

"Mọ́tọ̀ kì í ṣàdédé kú," ni Bàbá Oníwáyà máa ń wí fún àwọn oníbàárà. "Ooru ló ń pa á. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò."

Òótọ́ ló sì ń sọ. Gbogbo mọ́tọ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń rùn bákan náà, òórùn ọ̀dà tó ti jó mọ́ wáyà. Iná tí ń gba inú wáyà kọjá dà bí èrò tí ń gba àárín ọjà kọjá: bó ti ń fara gbún tọ̀tún ló ń fara gbún tòsì, ìfaragbún yẹn ló sì ń di ooru. Bí èrò bá wá pọ̀ jù, wáyà á pọ́n, á yọ́, ó parí. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni bàbá yìí fi bá ooru jà. Á ṣẹ́gun rẹ̀ láàárọ̀, ooru á tún fi mọ́tọ̀ mìíràn ránṣẹ́ sí i lọ́sàn-án.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló jókòó tì í. Àwọn àbúrò kàwé, wọ́n lọ, ó ku òun. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé, ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá kò lè yọ̀ǹda. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kọ́kọ́ wé mọ́tọ̀ fáànù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irinwó ìyípo ó lé ogún, kò ṣì kà, kò sì jẹ́ kí ọ̀kan gun orí ìkejì. Bàbá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ rèé." Bó ṣe di Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ràn àwàdà á ní, "Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni, àbí ọwọ́ ẹ̀rọ?" Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ gbé mọ́tọ̀ yín sílẹ̀ ná, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́."

Ó dàgbà, ó fẹ́ olùkọ́ kan tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Tíṣà lòun pàápàá ń pè é nínú ilé. Wọ́n bímọ méjì, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n ṣí lọ. Láàárín ìgbà yẹn ni ayé yí mọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́. Àwọn èèyàn kì í tún mọ́tọ̀ ṣe mọ́. Bó bá ti jó, wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á ra òmíràn. Ojú Bàbá Oníwáyà wá ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi rí wáyà mọ́ àfi kó fọwọ́ tọ́ ọ. Ní ọdún tí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ pé mọ́kànléláàádọ́ta, aláǹtakùn ló kù tí ń wé nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn.

Tíṣà ló mú ìwé ìkéde kan wálé. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń bẹ lẹ́yìn ìlú láti ọdún méjì, òrùlé rẹ̀ funfun, ògiri rẹ̀ kò ní fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ wáyà wé," ni Tíṣà kà, "tó ní sùúrù, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó jọ pé wọ́n ti rí ẹ kí wọ́n tó kọ ọ́."

"Kí ni wọ́n fẹ́ wé?"

"Òòfà."

"Òòfà kí ni?"

"Wọ́n ní ti oòrùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà, oòrùn wo? Èyí tó wà lókè yìí?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà."

Lọ́jọ́ tó débẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fi bàtà aṣọ bo bàtà rẹ̀, wọ́n ní kó yọ òrùka àti yẹtí, wọ́n ní kó gé èékánná. Gbọ̀ngàn iṣẹ́ náà mọ́ ju yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ. Ẹnjiníà tó jẹ́ olórí níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń rìn wéréwéré bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná. Gbogbo wọn ń pè é ní Ọ̀gá. Òun àti Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ sì jọ ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn: ọ̀kan ń pe ìkejì ní ẹ̀gbọ́n nítorí ọjọ́ orí, ìkejì ń pè é ní Ọ̀gá mi nítorí ipò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n fi ohun tí wọ́n ń wé hàn án. Kò jọ wáyà rárá. Ríbọ́ọ̀nù irin ni, pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó èékánná, ó tín-ín-rín bíi bébà. Ó wé díẹ̀ wò lórí fírémù, ó wò yíká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, òòlù onígi yín dà?" Torí pé nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, bí a bá wé wáyà tán, a máa ń fi òòlù onígi lù ú wọlé kó lè jókòó dáadáa.

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ọ̀gá wí, ó rọra gba ríbọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ rẹ̀, "ẹ dákun, ẹ má lù ú. Ẹ má tiẹ̀ rò ó pé ẹ fẹ́ lù ú."

Ó ṣàlàyé fún un. Irin ló wà nísàlẹ̀, bàbà pupa ló wà lókè. Ohun tí àwọn tìtorí rẹ̀ ń ṣe gbogbo wàhálà wà láàárín méjèèjì, ìpele dúdú kan báyìí tó jẹ́ pé bí a bá to ogójì rẹ̀ jọ, kò lè nípọn ju irun orí kan lọ. Èèyàn lè tẹ ríbọ́ọ̀nù náà síwá sẹ́yìn níwọ̀nba, bí ìgbà tí a bá ń ká ìgbànú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ìpele dúdú á sán nínú, ojú kò sì ní rí i. Wáyà bàbà tó mọ̀ láti kékeré máa ń dárí jini. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, wàá tún nà án. Eléyìí kì í dárí ji ẹnikẹ́ni.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi ohun ẹlẹgẹ́ báyìí ṣe?"

Ọ̀gá fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń jó nínú oòrùn?"

"Ṣebí iná ni."

"Iná tí kò ní igi, tí kò sì ní epo. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ láyé ni. Méjì ń wọnú ara wọn, wọ́n ń di ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń di ọ̀kan yẹn ni agbára ti ń jáde. Irú rẹ̀ la fẹ́ dá síhìn-ín. Ooru rẹ̀ á hó omi, oru omi á yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fún gbogbo ìlú níná."

"Inú kí lẹ máa dá irú iná bẹ́ẹ̀ sí?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wò ó, àwọn tó kàwé wá síbí kì í tètè bi mí ní ìyẹn. Kò sí ìkòkò tó lè gbà á. Á gbóná ju àárín oòrùn fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá fara kan ògiri, ògiri á bàjẹ́, iná náà á sì kú. Agbára òòfà nìkan ló lè gbé e dúró lófuurufú, kó má kan ibì kankan. Òòfà méjìdínlógún ni a máa tò yí i ká, bí èèyàn méjìdínlógún tó di ọwọ́ ara wọn mú."

"Òòfà tó lágbára tó báyẹn, iná tó máa gba inú wáyà rẹ̀ á pọ̀. Wáyà wo ni kò ní jó?"

"Ìyẹn gan-an lẹ wá wé, ẹ̀gbọ́n."

Kò gbà á gbọ́. Wáyà tí kì í gbóná? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní òjò kan wà tí kì í tutù. Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó mú ike kan, ó bu nǹkan sí i láti inú ìkòkò onírin kan. Omi ni ẹ bá pè é, ṣùgbọ́n ó ń rú èéfín, èéfín náà sì tutù débi pé etí ike náà funfun báláú. Ó gbé òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan sínú rẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú ríbọ́ọ̀nù. Ó dúró díẹ̀. Ó wá mú òòfà kékeré kan tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ, ó gbé e sókè òkúta náà, ó sì mú ọwọ́ kúrò.

Òòfà náà kò já bọ́. Ó dúró lófuurufú.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó mú bébà pélébé, ó fi gba àárín òkúta àti òòfà kọjá, bébà kò kan ohunkóhun. Ó fi ẹnu ìka ti òòfà náà díẹ̀, ó ń pòòyì lójú kan náà, kò dúró.

"Ta ló dì í mú?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí.

"Òtútù ló ṣe é," ni Ọ̀gá dáhùn. "Bí nǹkan dúdú yìí bá ti tutù tó, iná tó bá wọ inú rẹ̀ kì í rí ẹni fara gbún mọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu."

Ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ títí omi tútù náà fi gbẹ tán, tí òòfà sì rọra bà sórí òkúta. Èéfín ti tutù mọ́ ọn lójú, àbí omijé ni, òun náà kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, agogo mẹ́jọ kò tíì lù tó ti dé.

Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi wé òòfà àkọ́kọ́. Fírémù rẹ̀ dà bí ọrun ọlọ́fà tí wọ́n fa okùn rẹ̀ le, apá kan rẹ̀ gún, apá kejì tẹ̀ yíká, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gun àkàbà dé òkè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá nà án ró. Ìpele mẹ́rìndínlógún ló ní. Ẹ̀rọ ló ń yí fírémù náà, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Awakọ̀ ló jókòó tì í, òun ló ń mú un yára tàbí dúró. Iṣẹ́ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni láti dúró síbi tí ríbọ́ọ̀nù ti ń wọlé, kó máa tọ́ ọ sọ́nà. Ó máa ń fi ìka méjì tó wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e, fẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ìyẹ́ labalábá, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó fẹ́ yà, ìka á ti mọ̀ kí ojú tó rí i. Láàárín oṣù mẹ́ta, Ọ̀gá ti ń mú àwọn àlejò wá síbi tó dúró sí, á ní, "Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ní ìpele keje ni nǹkan ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan ni, láàárọ̀. Ó fẹ́ sún àga kan kúrò lọ́nà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá apá irin tí ríbọ́ọ̀nù ń gbà kọjá. Ríbọ́ọ̀nù fò kúrò lójú ọ̀nà, ó yí sí ẹ̀gbẹ́, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, òun náà sì ti mú un padà. Awakọ̀ kò rí i. Ó dojú kọ àwọn mítà ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ké. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ yẹ ríbọ́ọ̀nù náà wò, ó ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Ìpele náà sì ń yí lọ. Títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́, ìyípo mẹ́sàn-án ti wà lórí ibẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Tíṣà gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó kàn ń wò ó.

"Ṣé oúnjẹ náà bú ẹ ni?"

"Mo ba nǹkan jẹ́ lónìí."

"Ta ló rí ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Ó bàjẹ́ lóòótọ́, àbí o kàn rò pé ó bàjẹ́?"

"Èmi náà ò mọ̀, Tíṣà. Ó lè má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á tú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Bóyá wọ́n á ní kí n máa lọ sílé mi."

Tíṣà fi ṣíbí sílẹ̀. "Ká ní nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá yín ni ńkọ́?"

Kò rò ó rárá. "Bàbá á tú u."

"O ti dáhùn nìyẹn. Jẹun."

Kò rí i jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tilẹ̀ dúró wọ aṣọ iṣẹ́ kó tó lọ bá Ọ̀gá. Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ ní ìdúró, kò dín in, kò fi kún un. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan péré ló sọ: "Ẹ tú u."

Títú lọ́ra ju wíwé lọ. Ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ló gbà wọ́n. Ojú Awakọ̀ le bí òkúta ní gbogbo àsìkò náà, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún àwọn yòókù pé, "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé o." Ọ̀gá gbọ́. Ó dúró sáàárín gbọ̀ngàn, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá gé ìka tó jẹ́wọ́, kò tún sí ìka kan tó máa jẹ́wọ́ fún mi láyé mọ́. Ta ló fẹ́ ká máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n gé ibi tó yí náà, ó gùn tó apá kan. Wọ́n gé irú rẹ̀ kan tó dáa níbòmíràn. Wọ́n ri èyí tó dáa sínú omi tútù, wọ́n rán iná sí i, wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń fi kún un. Ríbọ́ọ̀nù dákẹ́ bí ẹni pé wọn kò bá a wí. Wọ́n wá ri ìkejì. Wọn kò tíì rán iná dé ìdajì tí omi náà fi hó lójijì, tí nǹkan dún pá, tí iná kọ yẹ̀rì. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó ti jó já sí méjì gẹ́lẹ́ níbi tó ti yí. Òórùn kan gba inú gbọ̀ngàn. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ òórùn yẹn fún un.

"Bó bá ti wà nínú òòfà," ni Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, "ibẹ̀ ni gbogbo agbára náà á ti di ooru lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ gbogbo wa pátá."

Awakọ̀ wo ríbọ́ọ̀nù tó jó náà títí. Ó wá sún mọ́ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sọ́rọ̀ mi." Òun ni kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí tó fi rọ ìdè irin kan sí apá tí ríbọ́ọ̀nù ń gbà kọjá, tí ìgbọ̀nwọ́ ẹnikẹ́ni kò fi ní lè gbá a mọ́. Wọ́n tún ìpele keje wé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìpele kẹrìndínlógún parí, wọ́n gbé òòfà náà sínú àpótí irin ńlá kan, wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú àpótí náà jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì tútù mú un tutù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Òtútù yẹn kọjá ti yìnyín. Ọ̀gá ní kò sí ibi kankan lórí ilẹ̀ ayé tó ń tutù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà ní ibi tí yìnyín kì í yọ́ láti ọdún dé ọdún. Ó wá fi kún un pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lè mú ìbátan kan wá síbi ìdánwò. Àwọn kan mú ìyàwó, àwọn kan mú ọmọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ní, "Má wò mí. O mọ ẹni tó yẹ kó o mú lọ."

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Bàbá Oníwáyà nígbà náà. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ torí pé irin wà nídìí rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi kẹta lẹ fẹ́ gbà yẹn," ó ní. Wọ́n wá igi ìgbálẹ̀ kan fún un, ó fi ń tẹlẹ̀. Wọ́n tún bi í bóyá wọ́n ti ki ẹ̀rọ kankan bọ àyà rẹ̀ rí nílé ìwòsàn. "Ọkàn ló wà níbẹ̀," ó ní, "òun náà sì ti gbó."

Kí wọ́n tó tan nǹkan kan, Ọ̀gá jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ara àpótí irin náà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e.

"Kò tutù."

"Bí fúláàsì tíì ni, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ohun tó wà nínú kì í jẹ́ kí ìta mọ̀."

Wọ́n lọ jókòó sí yàrá kejì, lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn. Ojú bàbá kò lè rí àwọn mítà, ó ní kí ọmọ òun máa kà á sí òun létí. Lẹ́bàá ògiri gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, wọ́n fi okùn gbọọrọ kan so nọ́ọ̀tù irin kan, irú èyí tí wọ́n ń dì mọ́ bóòtù, kọ́ láti òkè, ó rọ̀ gbọrangandan.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta," ni Awakọ̀ wí láti ìdí mítà tó wà nínú yàrá náà, ó ń pe iye iná tó ti wọlé.

"Ampia?" ni Bàbá Oníwáyà béèrè.

"Ampia, Bàbá."

Ó mi orí. Kò sí mọ́tọ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí tó lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn kó má pọ́n.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Ó ti jó," ni bàbá wí.

"Kò jó, Bàbá."

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

Nọ́ọ̀tù tó rọ̀ lára okùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sápá kan, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí okùn náà fi dúró gbọọrọ lófuurufú tí nọ́ọ̀tù sì ń nawọ́ sí òòfà láti ọ̀nà jíjìn. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Láàárín yẹn ni irin ńlá náà kérora lẹ́ẹ̀kan, ohùn kan tó jinlẹ̀ tí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ kí etí tó gbọ́ ọ. Gbogbo yàrá dì mọ́ àga.

"Ó ń nara ni," ni Ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n kò mí títí tó fi sọ ọ́ tán. "Agbára rẹ̀ ń ti irin náà síta. A mọ̀ pé á ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ó dúró síbẹ̀."

Bàbá Oníwáyà tẹ orí sápá kan, ó ń tẹ́tí. Ẹ̀rọ kankan kò kùn. Ó gbé imú sókè, ó fa afẹ́fẹ́, bó ṣe ń ṣe fún mọ́tọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Mítà wo ló ń sọ iná tó ń ṣòfò nínú wáyà náà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni. Nígbà tí wọ́n ń fi iná kún un, ó gbéra díẹ̀. Ó ti padà sísàlẹ̀ báyìí."

"Kà á fún mi."

"Òdo, Bàbá."

"Tún un kà."

"Òdo."

Bàbá yọ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì," ó ní, "kò sì rùn." Ó wá di igi ìgbálẹ̀ náà mú, ó ń gbìyànjú láti dìde. Ọmọ rẹ̀ ní kó jókòó, ó ní rárá, ó ní èèyàn kì í jókòó síwájú irú nǹkan báyìí. Ó dúró ṣánṣán, ó dojú kọ gíláàsì tí kò lè rí òdìkejì rẹ̀. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dìde tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Awakọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá, ọmọdé àti àgbà, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn.

"Ìgbà wo ló máa rẹ̀ ẹ́?" ni bàbá béèrè nígbà tó pẹ́.

"Kì í rẹ̀ ẹ́, Bàbá. Bí òtútù kò bá ti kúrò, kò sóhun tó máa rẹ̀ ẹ́."

Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi iná náà sílẹ̀ kó máa yí. Wọ́n gbé tíì àti búrẹ́dì fún bàbá, kò fọwọ́ kàn án. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sílé, nígbà tí wọ́n kọjá afárá kan, bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mo rò pé mo mọ iná," ó ní lójijì.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ta ló mọ̀ ọ́n tó yín?"

"Ìdajì rẹ̀ ni mo mọ̀. Ìdajì tó ń bínú." Ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń tọ́ wáyà. "Ọwọ́ yìí ló wé èyí."

"Àwa púpọ̀ la wé e."

"Mo gbọ́. Ọwọ́ yìí ló wé èyí."

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé òòfà náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iná ọ̀hún. Ọkọ̀ tó gbé e ní táyà ju ọgọ́rùn-ún lọ, kò sì yára ju èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ iná ń lọ níwájú, wọ́n ń fi ọ̀pá gbé wáyà ojú pópó sókè kó má bàa há. Àwọn èèyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń yọjú láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Àwọn tó wé e ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n wá bá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ létí títì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí lẹ gbé yìí?"

Ó wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Bí ó bá ní òòfà ni, ó kéré. Bí ó bá ní oòrùn ni, obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, bí òun náà ṣe rẹ́rìn-ín rí. "Iṣẹ́ wa ni," ó ní níkẹyìn. "Ẹ máa wò ó. Mẹ́tàdínlógún ṣì ń bọ̀."

Wọn kò tíì tan iná oòrùn náà títí di òní. Ọ̀gá ní ó ku ọdún díẹ̀, kò sì sọ iye rẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n gbé òòfà náà lọ, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wọ aṣọ funfun, ó fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi ìbọ̀wọ́ sí i. Awakọ̀ béèrè bóyá ó ti ṣe tán. Ó gbé ẹnu ríbọ́ọ̀nù tuntun lé ìka méjì, ó ní kó máa yí i, jẹ́jẹ́, ìpele kìíní òòfà kejì sì bẹ̀rẹ̀.